Bí Àgbà Bá Ṣubú: Ìtàn Kòkòrò Inú Àpòlúkù àti Egungun Obìnrin

Ìfáàrà

  

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò ti máa bi ara wọn pé kí ni ó kan olùkọ́ lítíréṣọ̀ nínú ọ̀rọ̀ àpòlúkù àti egungun. Oyè dókítà tí mo ní, ti ìwé kíkà ni. Kò lè wo orí fífọ́ sàn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ ni kí n máa wo ọ̀rọ̀, kí n máa bèèrè ohun tí ọ̀rọ̀ kan ṣí sílẹ̀ àti ohun tí ó bò mọ́lẹ̀. Ìtàn ìmọ̀ ìṣègùn pàápàá, ìtàn ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tí àìsàn ń ṣe ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Oníṣègùn ni ó túmọ̀ ohun tí ó sọ. Ìtumọ̀ náà ni yóò sì pinnu ohun tí wọn yóò wá kiri àti ohun tí wọn kò ní wá rárá.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin ni ó tọ́ mi dàgbà. Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè é. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti mọ̀ pé inú ń ta á. Ní òròòwúrọ̀, kí ó tó lọ sí ọjà, yóò mu ògì gbígbóná, tàbí kí ó rún hóró oògùn funfun kan tí ó dà bí ẹfun lẹ́nu. Nígbà tí àwọn kápúsù tí ń dín omi kíkan inú kù dé, wọ́n kọ ọ́ fún un, ó sì lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún láìdáwọ́ dúró. Bí ó bá lọ sí ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń sọ fún un: 'Màmá, ẹ dín ìrònú kù.' Bí ó bá délé, yóò ní, 'Wọ́n ní mò ń ronú. Ta ni kì í ronú?'

Ní ọdún 2009, nígbà tí ó di ẹni ọdún 71, ó ṣubú ní ẹ̀yìnkùlé. Kì í ṣe ìṣubú ńlá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí ilẹ̀ tútù lẹ́bàá ìkòkò omi, ó sì fi ìbàdí lélẹ̀. Egungun itan rẹ̀ kán ní ọrùn. Ilé ìwòsàn kan náà ni a gbé e lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀ka mìíràn ni, wọ́n sì ṣí káàdì mìíràn fún un. Dókítà egungun sọ fún wa pé, 'Ọjọ́ ogbó ni.' Kò bèèrè nípa inú rẹ̀. Ìyá Àgbà na káàdì méjèèjì sí mi, ọ̀kan aláwọ̀ ewé, ọ̀kan aláwọ̀ ìyeyè, ó ní, 'Ọmọ mi, ìwọ tí o kàwé, ṣé ara méjì ni mo ní ni?' N kò rí èsì fọ̀. Ó papò dà ní ọdún 2012. Káàdì méjèèjì ṣì wà láàrin ìwé kan ní yàrá ìkàwé mi.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni mo fẹ́ kí a jọ wò lónìí.

Ọ̀rọ̀ Méjì Tí Ó Ti Ilẹ̀kùn

Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n sọ fún Ìyá Àgbà: ìrònú àti ọjọ́ ogbó. Kì í ṣe ilé ìwòsàn tiwa ni ó dá wọn sílẹ̀. Wọ́n ní ìtàn, ìtàn náà sì gùn.

Ẹ jẹ́ kí a mú ti egungun ṣáájú. Ní ìlú London, ní ọdún 1822, oníṣẹ́ abẹ kan tí ń jẹ́ Astley Cooper gbé ìwé jáde lórí oríkèé tí ó yẹ̀ àti egungun tí ó kán. Ó ti ṣàkíyèsí pé ọrùn egungun itan a máa kán lára arúgbó ju ọ̀dọ́ lọ, àti pé ó ń ṣe obìnrin ju ọkùnrin lọ. Láàrin ẹ̀wádún 1830, Jean Lobstein, onímọ̀ ìṣègùn ní ìlú Strasbourg, fún irú egungun bẹ́ẹ̀ ní orúkọ. Ó mú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó dúró fún egungun, ó so ó mọ́ èyí tí ó dúró fún ihò, ó sì pè é ní osteoporosis. Egungun oníhò ni èmi yóò máa pè é. Ó fẹ́lẹ́, ó sì kún fún ihò bí kànrìnkàn, tó bẹ́ẹ̀ tí ìṣubú tí kò yẹ kí ó ṣe nǹkan kan fi lè kán an.

Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ lẹ́yìn Lobstein kí ẹnikẹ́ni tó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ dáadáa. Ní ọdún 1941, Fuller Albright àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní ìlú Boston kọ̀wé pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dáwọ́ dúró ni gbogbo àwọn tí àrùn yìí ń ṣe ṣáájú ọjọ́ ogbó gan-an. Estrogen, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ó máa ń dín kù gidigidi lára obìnrin ní àkókò náà, ni alábòójútó egungun. Òdodo ni Albright sọ, ìmọ̀ òde òní sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi máa dé yàrá tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ aláìsàn, ó ti dín kù di 'ọjọ́ ogbó'. Ta ni í bá ọjọ́ ogbó jà? Wọ́n pa ìwé dé.

Ti àpòlúkù náà rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1910, oníṣẹ́ abẹ Karl Schwarz gbé òfin kan kalẹ̀ pé níbi tí kò bá ti sí omi kíkan, kò lè sí ọgbẹ́ inú. Omi kíkan ni wọ́n wá ń bá jà láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n kí ni ó ń mú kí omi náà pọ̀ jù? Onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá, Franz Alexander ti ìlú Chicago, nínú ìwé tí ó gbé jáde ní ọdún 1950, ka ọgbẹ́ inú mọ́ àwọn àìsàn tí rògbòdìyàn ọkàn ń fà. Báyìí ni ìrònú ṣe di ìdáhùn. Ó sì jẹ́ ìdáhùn tí ó ń di ẹ̀bi ru aláìsàn: ìwọ ni o kò fi ọkàn rẹ balẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ àwọn kan ti rí kòkòrò nínú àpòlúkù. Giulio Bizzozero rí i nínú àpòlúkù ajá ní ọdún 1893, ní ìlú Turin. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1954, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Eddy Palmer, yẹ ẹran ara inú àpòlúkù ènìyàn tí ó ju 1,000 lọ wò, ó ní òun kò rí kòkòrò kankan tí ó ń gbé ibẹ̀. Aró tí ó fi kun ẹran ara náà kì í jẹ́ kí kòkòrò yìí hàn dáadáa lábẹ́ awò asọhun-kékeré-di-ńlá. Kòkòrò wà níbẹ̀. Ohun tí ó fi ń wá a ni kò jẹ́ kí ó rí i. Láti ìgbà náà, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wọn pé omi inú àpòlúkù kan jù fún ohun ẹlẹ́mìí láti gbé.

Bí Ilẹ̀kùn Àpòlúkù Ṣe Ṣí

Ní ìlú kékeré Missolonghi ní orílẹ̀-èdè Gíríìsì, dókítà kan wà tí ń jẹ́ John Lykoudis. Láti ọdún 1958 ni ó ti ń fi oògùn apakòkòrò wo ọgbẹ́ inú, nítorí pé ó lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀, ó sì rí i pé inú òun balẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn kọ̀ ọ́. Ní ọdún 1968 wọ́n bu owó ìtanràn lé e. Ó kú ní ọdún 1980.

Ọdún kan ṣáájú ikú rẹ̀, ní ọdún 1979, ní ìlú Perth ní Ọsirélíà, Robin Warren, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíyẹ ẹran ara wò lábẹ́ awò, rí àwọn kòkòrò tí ó lọ́ bí okùn lórí ẹran ara àpòlúkù tí ó wú. Aró onífàdákà ni òun lò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò kà á sí. Ní ọdún 1981, dókítà ọ̀dọ́ kan, Barry Marshall, dara pọ̀ mọ́ ọn. Wọ́n gbìyànjú láti mú kòkòrò náà dàgbà nínú àwo, kò dàgbà. Ìgbà Àjíǹde ọdún 1982 ni wọ́n gbàgbé àwo kan síbẹ̀ nítorí ìsinmi, tí ó fi lò ju ọjọ́ méjì tí wọ́n máa ń dúró dè é. Nígbà tí wọ́n padà dé, kòkòrò ti hù. Ó ti jẹ́ pé sùúrù ni wọn kò ní.

Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ kò gbà. Ní ọdún 1984, Marshall mu omi tí kòkòrò náà wà nínú rẹ̀. Láàrin ọjọ́ mélòó kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ẹnu rẹ̀ ń rùn; nígbà tí wọ́n sì wo inú àpòlúkù rẹ̀, ó ti wú, kòkòrò sì kún ibẹ̀. Ní ọdún 1989 wọ́n sọ kòkòrò náà ní Helicobacter pylori. Ní ọdún 1994, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà pè jọ fọwọ́ sí i pé kí a fi oògùn apakòkòrò wo ẹni tí ó ní ọgbẹ́ inú pẹ̀lú kòkòrò yìí. Ní ọdún 2005, Warren àti Marshall gba Ẹ̀bùn Nobel.

Ẹ kíyè sí ọdún 1994 yẹn. Ọdún kan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwọ̀n jáde tí a fi ń mọ ẹni tí egungun rẹ̀ ti di oníhò. Àpòlúkù gba ìdájọ́ tuntun, egungun gba ìwọ̀n tuntun, nínú ọdún kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó jókòó sí ìgbìmọ̀ ti àkọ́kọ́ kò ní ohun tí wọ́n bá àwọn ti èkejì sọ.

Ìwé Mẹ́ta Ní Ọdún 1985

Ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀, sí ọdún 1985. Ìwé mẹ́ta jáde ní ọdún náà tí ó yẹ kí wọ́n mọ ara wọn.

Èkíní ni àlàyé tí Marshall ṣe nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn Ọsirélíà nípa omi kòkòrò tí ó mu. Èkejì, Amẹ́ríkà ni ó ti jáde. Onímọ̀ egungun kan, Robert Recker, fi hàn pé ẹni tí omi kíkan kò sí nínú àpòlúkù rẹ̀ kì í lè fa irú kálísíọ̀mù kan tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú oògùn egungun wọ ara dáadáa, bí ó bá lò ó láìjẹun. Kálísíọ̀mù ni amọ̀ tí a fi ń mọ egungun. Recker kò sọ ti kòkòrò, Marshall kò sì sọ ti egungun.

Ìwé kẹta ni ó jẹ́ ti ẹ̀ka tiwa. Anthony Buckley gbé ìwé kan jáde ní Oxford lórí ìṣègùn Yorùbá, èyí tí ó kọ láti inú ohun tí àwọn oníṣègùn wa kọ́ ọ. Ó ṣàlàyé pé, lójú àwọn oníṣègùn wọ̀nyẹn, kòkòrò àti aràn ní ibi tí wọ́n ń gbé nínú ara ènìyàn; àpò ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá pọ̀ jù, tí àpò kò gbà wọ́n mọ́, ni wọ́n ń jáde kiri ara, tí wọ́n sì ń di àìsàn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. N kò wí pé àwọn baba wa ti mọ Helicobacter pylori ṣáájú Marshall. Wọn kò ní awò tí ó lè fi í hàn, kòkòrò tí wọ́n ń sọ sì yàtọ̀ sí èyí tí a rí nínú àwo ní Perth. Irọ́ tí a bá pa láti fi yin ara wa, àbùkù ni ó ń dá sílẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé èrò wọn fi àyè sílẹ̀ fún ìbéèrè kan tí ilé ìwòsàn kò fi àyè sílẹ̀ fún: bí ohun kan bá ń gbé inú àpò kan nínú ara, ibo ni ipá rẹ̀ lè dé? Nínú èrò tiwọn, kò sí ògiri láàrin ikùn àti eegun. Nínú ilé ìwòsàn, káàdì méjì ni.

Ọ̀nà Láti Àpòlúkù Dé Inú Egungun

Báwo wá ni ohun tí ń gbé inú àpòlúkù ṣe lè ba egungun itan jẹ́? Àwọn onímọ̀ ti tọ́ka sí ọ̀nà mẹ́rin, n ó sì ṣàlàyé wọn bí ó ti yé mi.

Egungun kì í ṣe òkúta. Ilé amọ̀ ni, tí àwọn òṣìṣẹ́ kan ń wó lójoojúmọ́, tí àwọn mìíràn sì ń mọ padà. Ní ìgbà èwe, àwọn tí ń mọ ọ́n ń lé àwọn tí ń wó o bá. Nígbà tí estrogen bá dín kù lára obìnrin, àwọn tí ń wó o a yára ju àwọn tí ń mọ ọ́n lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan obìnrin ju ọkùnrin lọ: ohunkóhun tí ó bá tún ti àwọn awólé náà lẹ́yìn, ara ilé tí ó ti ń yẹ̀ ni ó bá.

Ọ̀nà kìíní ni ti omi kíkan. Bí kòkòrò yìí bá pẹ́ nínú ara àpòlúkù, ó lè jẹ́ kí ibi tí omi kíkan ti ń sun gbẹ, kí amọ̀ má sì wọlé tó bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Bí ìsàlẹ̀ àpòlúkù nìkan ni ó bá wú, ńṣe ni omi kíkan a máa pọ̀ sí i.

Ọ̀nà kejì ni ti fítámì B12. Àpòlúkù ni ó ń pèsè ohun tí ara fi ń gbà á, ó sì dà bí ẹni pé àwọn tí ń mọ egungun ń fẹ́ ẹ fún iṣẹ́ wọn. Ọ̀nà kẹta ni ti wíwú fúnra rẹ̀. Ibi tí ó bá wú nínú ara a máa rán ońṣẹ́ sínú ẹ̀jẹ̀, àwọn kan nínú àwọn ońṣẹ́ náà sì ń ké sí àwọn awólé egungun pé kí wọ́n tẹ̀ síwájú.

Ọ̀nà kẹrin ni ó dùn mí jù, nítorí pé oògùn ni. Ní ọdún 2006, Yu-Xiao Yang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wò, wọ́n sì rí i pé láàrin àwọn tí ó ti lé ní ẹni ọdún 50, ewu kíkán egungun ìbàdí fi bí ìpín 44 nínú ọgọ́rùn-ún ga lára àwọn tí ó ti lo oògùn tí ń dí omi kíkan lọ́wọ́ ju ọdún kan lọ. Ní ọdún 2010, àjọ tí ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sí ara oògùn náà. Ẹ̀yin ti rántí kápúsù Ìyá Àgbà. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Ní ọdún 2019, àbájáde àyẹ̀wò ńlá kan jáde, nínú èyí tí wọ́n pín ènìyàn tí ó lé ní 17,000 sí ọ̀nà méjì, tí wọ́n fún apá kan ní irú oògùn yìí fún bí ọdún mẹ́ta, tí wọ́n sì fún apá kejì ní hóró tí kò ní oògùn nínú. Egungun tí ó kán kò pọ̀ ní apá kan ju èkejì lọ.

Àwọn Ẹ̀rí Tí Kò Fohùn Ṣọ̀kan

Báyìí ni ọ̀rọ̀ kòkòrò náà fúnra rẹ̀ ṣe rí. Àwọn onímọ̀ ní Minas Gerais ní ilẹ̀ Bùràsíìlì yẹ àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dáwọ́ dúró wò. Ní ọdún 2009 wọ́n kọ̀wé pé àwọn kò rí i pé kòkòrò yìí ń jẹ́ kí egungun wọn fẹ́lẹ́. Ẹlòmíràn ì bá sọ pé ọ̀rọ̀ parí.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 2021 àbájáde mìíràn dé láti ìlú Siena ní Ítálì. Ọkùnrin àti obìnrin 1,149 ni wọ́n tẹ̀ lé fún ohun tí ó ju ọdún 11 lọ. Bí wọ́n ti ka gbogbo àwọn tí ó ní kòkòrò náà pọ̀, kò sí ìyàtọ̀ láàrin wọn àti àwọn tí kò ní i. Ìgbà tí wọ́n wá yà á sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n rí nǹkan. Irú kòkòrò náà kan wà tí ó ní èròjà tí wọ́n ń pè ní CagA, èyí tí ó máa ń fi gún ara àpòlúkù bí ẹni gún abẹ́rẹ́. Lára àwọn tí ó ní irú èyí, egungun oníhò pọ̀ sí i, egungun ọ̀pá ẹ̀yìn sì kán ju ti àwọn yòókù lọ.

Ẹ ò rí i pé ẹ̀kọ́ Palmer ni ó padà dé? Bí a bá ń fi orúkọ kan pe ohun méjì, a kò ní rí èyí tí ń ṣiṣẹ́ ibi nínú wọn. Síbẹ̀, kí nǹkan méjì máa rìn pọ̀ kò sọ pé ọ̀kan ni ó bí èkejì. Àìrí jẹ, ogbó, sìgá àti oríṣiríṣi àìsàn lè wà lẹ́yìn méjèèjì. Ohun tí ẹ̀rí gbà wá láyè láti sọ lónìí ni pé ó ṣeé ṣe kí irú kòkòrò kan wà lára ohun tí ń dín agbára egungun àwọn àgbà obìnrin kù. Kò tíì gbà wá láyè láti sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwa Náà Ńkọ́?

Kòkòrò yìí kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ọdún 2007, àwọn onímọ̀ tí ó ń tọpa ìran rẹ̀ kọ̀wé pé ó ti wà nínú ikùn àwọn baba ńlá ọmọ ènìyàn nígbà tí wọ́n jáde kúrò ní ìlà-oòrùn Áfíríkà ní nǹkan bí 58,000 ọdún sẹ́yìn. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó ti kó o láti kékeré.

Ibí yìí ni àdììtú kan wà. Ní ọdún 1992, Christopher Holcombe, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Maiduguri, kọ̀wé lórí ohun tí ó pè ní àdììtú Áfíríkà: kòkòrò náà pọ̀ lára àwọn ènìyàn wa, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ àpòlúkù tí ó ń fà ní ibòmíràn kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. Ní ọdún 1996, àwọn onímọ̀ mìíràn tí kò bá ọ̀rọ̀ kòkòrò wá rí ohun tí ó jọ ọ́ ní ìgbèríko Gáḿbíà: kálísíọ̀mù inú egungun àwọn àgbà obìnrin ibẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n egungun wọn kì í sábà kán. Àdììtú méjì, ọ̀kan ti àpòlúkù, ọ̀kan ti egungun, ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kan náà. Àwọn kan ti rò pé àyẹ̀wò tí kò tó ni ó fa ti àkọ́kọ́, pé ohun tí a kò wá ni a kò rí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyíkéyìí tí ì báà jẹ́, ìdáhùn tí wọ́n rí ní Siena kò lè di ìdáhùn tiwa bí a kò bá bi àwọn ìyá wa.

Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ kẹta ń bà mí. Ìrònú ti ilẹ̀kùn kan, ọjọ́ ogbó ti èkejì. Bí a kò bá ṣọ́ra, kòkòrò náà yóò di ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹ̀kẹta. Mo ti ń gbọ́ ọ ní ọjà pé kòkòrò ni ó ń jẹ egungun, kí a ra oògùn apakòkòrò. Oògùn tí a lò láìṣe àyẹ̀wò, tí a sì dá dúró nígbà tí inú bá ti rọ̀, ńṣe ni ó ń kọ́ kòkòrò ní ìjà. Ní ilẹ̀ wa, kòkòrò yìí ti mọ bí a ṣe ń borí metronidazole, oògùn tí gbogbo wa ń rà láìbèèrè. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni tí dókítà fún ní kápúsù má ṣe lọ sọ ọ́ nù nítorí ohun tí olùkọ́ lítíréṣọ̀ sọ. Dókítà ni kí ó lọ bá.

Ìkádìí

Ṣé kòkòrò ni ó kán egungun Ìyá Àgbà? Wọn kò yẹ̀ ẹ́ wò fún un rí, nítorí náà n kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ kápúsù. Ó lè jẹ́ estrogen tí ó ti lọ láti ogún ọdún. Ó lè jẹ́ ilẹ̀ tí ó yọ̀ nìkan. Ohun tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí ni pé kò sí ẹni tí ó bèèrè, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí a ti ní lẹ́nu kò jẹ́ kí ìbéèrè náà wá sí ọkàn ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, mo ní àbá kan fún Ẹ̀ka wa. Ẹ jẹ́ kí a bá àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà jókòó, kí a jọ kọ ìwé ìbéèrè kan ní èdè Yorùbá, ojú ewé kan péré, tí wọn yóò máa fi bi gbogbo àgbà obìnrin tí ó bá wọ ilé ìwòsàn, ì báà jẹ́ inú ni ó ń dùn ún, ì báà jẹ́ ìbàdí. Ṣé inú máa ń ta yín? Láti ìgbà wo? Oògùn wo ni ẹ ń lò, ó sì ti tó ọdún mélòó? Ìgbà wo ni nǹkan oṣù dáwọ́ dúró? Ṣé ẹ ti ṣubú rí? Ṣé ẹ̀yin tàbí ìyá yín ti kán egungun rí? Iṣẹ́ ọ̀rọ̀ nìyí, iṣẹ́ wa sì ni. Àwọn tí ó ní ẹ̀rọ yóò fi ẹ̀rọ ṣe tiwọn.

Bí ọgbọ̀n ọdún bá kọjá, tí ẹnì kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jókòó síbí bá gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, mo fẹ́ kí wọ́n fún un ní káàdì kan ṣoṣo.